Àmín Tí Ràzáàkì Ṣe

Ìjà ni Sàídátù àti Ràzáàkì fi mọ ara wọn. Kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún yín pé ìfẹ́ ló kọ́kọ́ dé.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, ní yàrá òkè ilé kan ní àdúgbò Fidjrossè létí òkun, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń ṣe eré kan lórí tábìlì. Nínú eré náà, olúkúlùkù á di akọni kan, olùdarí á máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, dáìsì á sì pinnu ẹni tó yè. Ràzáàkì ni olùdarí. Islamiyat ló mú Sàídátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, wọ́n sì fún un ní káàdì akọni tirẹ̀: òfin lókè, iye agbára láàárín, ìtàn ṣókí nísàlẹ̀. Ìtàn náà ní, “Inú odò ni wọ́n bí i sí; omi kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀.”

Kò pẹ́ tí odò fi gbé akọni yìí lọ. Ràzáàkì ní kó ju dáìsì.

“Kí ni mo fẹ́ ju dáìsì fún? Ẹ ò rí i pé inú odò ni wọ́n bí mi sí?”

“Ọ̀ṣọ́ nìyẹn, màdámù. Wọ́n kọ ọ́ kí eré lè dùn ni. Òfin kò sọ pé ẹ mọ̀wẹ̀, iye tó wà níbi ìwẹ̀ yín sì kéré.”

“Ta ló wá ní kí wọ́n kọ irọ́ sí mi lára?”

Ó ju dáìsì, ó kú. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Ràzáàkì sáré tẹ̀ lé e, ó ń ṣàlàyé, Sàídátù ń dá a lóhùn. Ọlọ́kadà kan dúró dè é títí, ó bínú lọ. Nígbà tí òmíràn fi máa dé, Sàídátù ti fún Ràzáàkì ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kí àríyànjiyàn náà lè máa bá a lọ.

Ó sì ń bá a lọ lóòótọ́, títí ó fi di ìfẹ́. Ràzáàkì ń pè é ní “ọmọ odò mi”. Sàídátù ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Abomey-Calavi, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà bí ojú.

Nígbà tó yá, àwọn ẹbí Ràzáàkì wá láti Ṣakété, wọ́n wá tọrọ Sàídátù nílé bàbá rẹ̀, Àlùhájì Làmídì, ní Agblangandan. Tántì Mùtíátù, ẹ̀gbọ́n bàbá Ràzáàkì tó tọ́ ọ dàgbà, ló ń ṣàdúrà.

“Ọlọ́run á fún wọn lọ́mọ.”

“Àmín.”

“Kò ní jẹ́ kí wọ́n rí ìjà tàbí ẹjọ́.”

“Àmín.”

“Á jẹ́ kí ìyàwó wa fi iṣẹ́ Calavi sílẹ̀, kó lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ní Ṣakété, kó máa tọ́jú rẹ̀.”

“Àmín,” ni gbogbo ilé wí. Ti Ràzáàkì ló ròkè jù. Sàídátù wà ní yàrá, ó ń gbọ́ wọn.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Tántì ti ń tẹ̀ ẹ́ láago pé ìgbà wo ló máa kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Sàídátù pe Ràzáàkì sí etí òkun.

“Àdúrà ni, ọmọ odò mi,” ni Ràzáàkì wí. “Ọ̀ṣọ́ ọ̀rọ̀ àgbà ni. Kì í ṣe gbogbo àdúrà ló ń di òfin.”

“Nígbà tí mo ń kú sómi, o mọ ìyàtọ̀ òfin àti ọ̀ṣọ́ dáadáa. Ó wá kan Tántì rẹ, ojú rẹ fọ́. Ṣé ọ̀ṣọ́ ló ń pè mí lórí fóònù?”

“Wọn ò lè fi tipá mú ẹ.”

“Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, nígbà náà.”

Ràzáàkì wolẹ̀. “Àwọn ló tọ́ mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kò wọ́n lójú?”

“Èmi lo wá fẹ́ kí n kò wọ́n lójú, kí wọ́n lè pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Ràzáàkì, inú rẹ sì ń bí mi débi pé mo lè tì ọ́ sínú òkun yìí.”

Ràzáàkì gbọn iyanrìn aṣọ rẹ̀, ó lọ sílé. Ẹ̀yin náà ẹ wo ojo ènìyàn. Àlùhájì Làmídì kò sàn jù ú lọ. “Èmi náà ṣe àmín,” ló sọ fún ọmọ rẹ̀. “Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?”

Ọjọ́ yìgì pé. Àṣà wọn ni pé bí Àáfà bá bi ìyàwó bóyá ó gbà, tó sì dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn. Àáfà béèrè. Gbogbo ènìyàn ń retí kó dákẹ́.

“Rárá o, Àáfà.”

Gbogbo wọn yíjú sí Sàídátù.

“Kì í ṣe Ràzáàkì ni n kò fẹ́. Àmín tó ṣe ni. N kò ní fiṣẹ́ mi sílẹ̀ lọ sí Ṣakété. Bó bá jẹ́ torí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fẹ́ mi, kí wọ́n kó ẹrù wọn.”

“Ẹ wo ọmọ aláfojúdi,” ni Tántì Mùtíátù wí. “Ẹyin lohùn. A ti ṣe àmín, ó parí.”

Àáfà yíjú sí Ràzáàkì. Ó dìde.

“Tántì, ẹ foríjì mí. Mi ò bá yín ṣe àmín yẹn mọ́. Èmi ni ìyá mi bí, èmi ni mo máa tọ́jú wọn. Sàídátù ò ní fiṣẹ́ sílẹ̀.”

“Èmi tí mo tọ́ ẹ lò ń bá sọ bẹ́ẹ̀, lójú gbogbo ayé?”

“Ẹ̀yin ni, Tántì.” Kò sì jókòó. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́, èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí ò sì tíì dárí ìyẹn jì í.

Tántì fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó jáde. Àwọn kan tẹ̀ lé e. Àáfà tún béèrè lọ́wọ́ Sàídátù.

“Mo gbà,” ni Sàídátù wí, ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dáná lẹ́yìnkùlé.

Ẹni tó bá rí fọ́tò ìgbéyàwó wọn á rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n. Kò sí ibi tí ìyàwó ti rẹ́rìn-ín, torí inú ṣì ń bí i. Èyí tí ojú rẹ̀ le jù ni Ràzáàkì yàn, òun ló gbé kọ́ sí pálọ̀, kó má bàa gbàgbé àmín tó ṣe. Ìyá rẹ̀ ti wá láti Ṣakété, ó ti rí i, ó sì rẹ́rìn-ín. Tántì Mùtíátù kò tíì tẹ ẹnu ọ̀nà ilé náà títí di òní.