Ọ̀dà Pupa Lábẹ́ Búlúù

Nadine kúnlẹ̀ sórí páálí nínú gáréèjì wọn ní ìlú Muskegon ní Amẹ́ríkà, ó ń fi bébà oníyanrìn ha ìpẹtà kúrò lára ilẹ̀kùn ọkọ̀. Òkúta ojú títì ló ta bà á tí ọ̀dà fi bó. Ojú ibẹ̀ kò ju èékánná ọmọdé lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Nadine, gbogbo ọjọ́ Sátidé ló sì fi ń tọ́jú ọkọ̀ Mustang àtijọ́ náà, kí ó lè dán fún ìwọ́de ọkọ̀ àtijọ́ tí ìlú máa ń ṣe nínú oṣù keje.

Leland, bàbá rẹ̀, ti sọ fún un pé ọkọ̀ ìyá rẹ̀ ni, pé búlúù tó bá ọkọ̀ náà jáde láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà lára rẹ̀. Nadine kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kò sì rántí ojú rẹ̀ mọ́. Nítorí náà ló ṣe máa ń jókòó sídìí sítíárìn, tí yóò gbé ọwọ́ lé ibi tó rò pé ọwọ́ ìyá òun ti wà rí, tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀.

Bó ṣe ń ha ìpẹtà lọ, ohun pupa kan yọ lábẹ́ búlúù. Ó fi sípíríìtì nù ún, ó wá ń dán. Ọ̀dà ni. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ha igun kan níbẹ̀ wò. Pupa ni ibẹ̀ náà.

Àǹtí Ruthanne, àbúrò ìyá rẹ̀, ń gé ọ̀dùnkún fún sàláàdì nínú ilé ìdáná. Nadine bi í bóyá wọ́n ti tún ọkọ̀ ìyá òun kùn rí. Àǹtí rẹ̀ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní òun rò pé bàbá rẹ̀ ti sọ fún un. Ó wá jẹ́wọ́ pé kò pé ọdún kan lẹ́yìn ìsìnkú tí Leland mutí yó, tó fi ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀ kọlu igi, tó fọ́ kọjá àtúnṣe. Ọkọ̀ pupa yìí, tó jọ ti àkọ́kọ́, ló lọ rà ní ìpínlẹ̀ Ohio, tó sì kùn ún ní búlúù.

Nadine padà sí gáréèjì. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó sì fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ náà fa ọ̀dà ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà ya láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Dádì, ṣé Mọ́mì fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí rí?"

Leland mi orí. "Rárá."

Ó jókòó sórí garawa. Ó ṣàlàyé pé ojú fèrèsé ni Nadine máa ń dúró sí lójoojúmọ́ nígbà náà, tó ń retí ọkọ̀ búlúù ìyá rẹ̀. Ọjọ́ tí òun gbé èyí dé ló tó rẹ́rìn-ín. Òun fẹ́ sọ òótọ́ tó bá pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó pé e, ẹnu òun kò gbà á.

"Ẹ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, Dádì. Ẹ ń gbọ́ bí mo ṣe ń bá Mọ́mì sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ yìí, ẹ sì dákẹ́."

Leland tẹrí ba.

Ọkọ̀ náà kò lọ sí ìwọ́de. Ibi tí òkúta bó kò gbà ju ọjọ́ kan lọ láti tún ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni Nadine fi ń kán ọ̀dà sójú ibi tó fà ya, tó ń dúró kí ó gbẹ, tó tún ń ha á kí ó tẹ́jú. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ a máa jókòó nítòsí, a máa sọ òótọ́ nípa ìyá rẹ̀ fún un: bó ṣe máa ń sáré jù tó bá ń wakọ̀, bó ṣe máa ń kọrin tí ohùn rẹ̀ kò dùn. Nadine ń gbọ́. Kò tíì dárí jì í tán.

Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Ẹni tó bá fi irọ́ rẹ ọmọ lẹ́kún, ó kàn sún ẹkún náà síwájú ni, yóò sì tún le sí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí a bá fi ìbínú bà jẹ́, ọwọ́ ara wa la ó fi tún un ṣe.