Òsì Lórí Ọ̀tún

Inú dígí ni Ṣèyíọlá ti kọ́kọ́ rí Jíbọ́lá. Ó ń wọ gí funfun kan wò nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ugbowo nílùú Benin, aṣọ nínípọn tí wọ́n fi ń kọ́ jiu-jitsu, ìjàkadì àwọn ará Japan, nígbà tó rí ọkùnrin gíga kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

“Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín, sà?”

“Àǹtí, ẹ ti kú. Níbi tí aṣọ yìí ti wá, òkú nìkan ni wọ́n ń fi ọ̀tún bo òsì fún.”

“Nílé tiwa, òsì kì í wà lórí ọ̀tún. Màmá mi á gbá mi létí.”

Jíbọ́lá tọrọ àyè, ó fa apá òsì aṣọ náà bo tọ̀tún, ó sì so bẹ́líìtì rẹ̀. Ṣèyíọlá ń wo ọwọ́ rẹ̀ nínú dígí.

“Ó tóbi jù,” ló sọ, kó má bàa dákẹ́.

“Ẹ mú un bẹ́ẹ̀. Tí omi bá kàn án, á súnkì.”

Ṣèyíọlá lọ bá a ní gbọ̀ngàn tó ti ń kọ́ èèyàn ní ìjàkadì náà, ní Airport Road, kò sì pẹ́ tí ‘Àǹtí’ fi di ‘olólùfẹ́ mi’. Àmọ́ ìyá Jíbọ́lá, ní Ogida, fárígá.

“Obìnrin tó ń bá ọkùnrin yí nílẹ̀? Kò lè wọlé mi.”

“Ṣèyí, jẹ́ ká dúró dè wọ́n,” ni Jíbọ́lá bẹ̀ ẹ́. “Wọ́n á rọ̀.”

Wọ́n ń dúró lọ́wọ́ ni kíndìnrín Jíbọ́lá dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọsibítù, Ṣèyíọlá àti ìyá jọ ń jókòó ti bẹ́ẹ̀dì kan náà, wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀.

“Aṣọ ni mo ní á súnkì,” ni Jíbọ́lá fi ń ṣẹ̀fẹ̀ nígbà tó rù tán. “Mi ò mọ̀ pé èmi ni. Tí mo bá lọ, gí mi ni kẹ́ ẹ wọ̀ fún mi.”

Ṣèyíọlá rẹ́rìn-ín fún un, ó sì jáde lọ sunkún.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló dákẹ́. Ní mọ́ṣúárì, ìyá ń yí gí náà síwá sẹ́yìn, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń wọ̀ ọ́. Ó nà án sí Ṣèyíọlá.

“Ìyàwó mi,” ló wí, “wá bá mi wọ̀ ọ́ fún ọkọ ẹ.”

Ṣèyíọlá di apá ọ̀tún mú láti fi í bo òsì, bó ṣe tọ́ sí òkú. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó fi òsì bo ọ̀tún, ó sì so bẹ́líìtì náà.

“Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Bó ṣe wọ̀ ọ́ fún mi nìyẹn.”