Ọkùnrin Tó Fẹ́ràn Ìyàwó Rẹ̀ Jù

Inú ilé ni ọmọbìnrin kan wà nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ́kọ́ rí i, síbẹ̀ ó ṣí agbòjò. Òrùlé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ń jò. Ó ta agbòjò bo àwọn ìwé, òjò sì ń pa òun fúnra rẹ̀.

"Ẹ ò bo ara yín?" ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà béèrè.

"Ara mi á gbẹ. Tí ìwé bá rin, ó tán."

Ó bá a di agbòjò náà mú. Kí òjò tó dá, ọkàn ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o", tí ọkùnrin náà sì ń bá a gbé báàgì rẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ lójoojúmọ́. Nínú iṣẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ṣọ̀wọ́n kan ọkùnrin náà láti túmọ̀: uxorious, èyí tí wọ́n ń lò fún ọkùnrin tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ẹ̀sín ni àwọn òǹkọ̀wé ń fi irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe: ọ̀gágun tí ìfẹ́ ìyàwó mú gbàgbé ogun, ọba tí ayaba ń pàṣẹ fún.

"Ta ló wọ̀n ọ́n tó fi mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù?" ni ọmọbìnrin náà béèrè. "Wọn tìẹ kí n rí i."

"Olólùfẹ́ mi, òṣùwọ̀n ti fọ́."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí báàgì náà ní èjìká rẹ̀.

"Ó ti fún ọ jẹ. Ọ̀rọ̀ tí ò ń túmọ̀ ti ràn ọ́."

Nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yìí, kò sí ẹni tó lè sọ àwọ̀ tí ìyàwó tirẹ̀ fẹ́ràn. Síbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé báàgì sílẹ̀. "Ó kàn ní kí n bá òun gbé e ni. Kò sí nǹkan kan láàárín wa."

Ọmọbìnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ìtìjú lẹ̀ mọ́ ọkùnrin náà bí aṣọ tó rin. Ó bẹ̀ ẹ́ títí.

"Mo ti gbọ́ yín," ni èsì rẹ̀. "Ojú gbogbo èèyàn lẹ ti sọ ọ́."

"Ẹ" ti padà dé.

Ní ọ́fíìsì yẹn, ọ̀rọ̀ kì í wọ ìwé àfi bí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ bá dìde, tó ka ìtumọ̀ àti àpẹẹrẹ rẹ̀ sétí gbogbo wọn. Bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ní, "Ó wọlé."

Nígbà tó kan ọkùnrin náà, ó fi ọ̀gágun àti ọba sílẹ̀.

"Àpẹẹrẹ: Ọkùnrin kan gbé báàgì olólùfẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì sẹ́ obìnrin náà. Sísẹ́ yẹn ni ìtìjú rẹ̀, kì í ṣe báàgì. Bí obìnrin náà bá lè gba òun lọ́kọ, kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ yìí pe òun títí ayé."



"Àpẹẹrẹ yìí gùn jù," ni ọ̀gá wọn wí.

"Ó gùn lóòótọ́, sà." Ọmọbìnrin náà kò gbójú sókè. Ó rọra ti báàgì rẹ̀ sọ́dọ̀ ọkùnrin náà lórí tábìlì. "Ṣùgbọ́n ó wọlé."