Omi Gbígbóná Tíṣà Eunice

Aago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Limota bá Tíṣà Eunice nílẹ̀ balùwẹ̀ rẹ̀ ní Ọ̀kà. Obìnrin náà ti dákú, kànrìnkàn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi gbígbóná sì ń dà lé e lẹ́sẹ̀. Limota, tí ilé wọn fara kanra, pa gáàsì, ó wọ́ ọ jáde, ó figbe ta. Wọ́n gbé e dé ọsibítù ní Ìkàrẹ́ pẹ̀lú ẹ̀mí, ṣùgbọ́n kò lajú.

Kó tó di ọ̀sán, ọlọ́pàá ti ti Akínlọ́lá mọ́lé. Òun ni pọ́ḿbà tó tún hítà Tíṣà ṣe lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ̀rọ kékeré ara ògiri balùwẹ̀ ni, kò ní táǹkì. Gáàsì ló ń mú omi gbóná bó ṣe ń kọjá nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ẹnikẹ́ni ò tọ́jú rẹ̀, títí ìdọ̀tí funfun inú omi bóòhóólù fi dí i pa. Bí Tíṣà bá kú, ẹjọ́ ìpànìyàn ló ń dúró de Akínlọ́lá.

Ẹ̀yìnkùlé Tíṣà ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Abọ́dẹrìn kọ́kọ́ lọ. Ó tọwọ́ bọ páìpù tí èéfín hítà ń gbà jáde lára ògiri, ó sì fa fóòmù pupa kan yọ, tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ ṣinṣin. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà lábẹ́ páìpù náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

Ní àgọ́, ó bi Akínlọ́lá pé, "Kí lo fi fọ inú hítà?"

"Fínígà ni, sà. Gbogbo àdúgbò ló rí jálá tí mo gbé wọlé. Àmọ́ kò tó. Ni Tíṣà bá bu omi ògì kíkan fún mi ní kíṣìnnì. Mo fi rọ́bà omi méjì so bọ́kẹ́ẹ̀tì ògì náà mọ́ hítà, mo ń fi ẹ̀rọ fà á yípo fún wákàtí méjì kó tó ṣí. Mo fọ asẹ́ rẹ̀ náà, mo sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀yìnkùlé."

"Ta ló tún mọ̀ nípa ògì?"

"Èmi àti Tíṣà nìkan, sà. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún tí kò ní fi mí ṣẹ̀sín?"

"Ta lo ṣẹ̀?"

"Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Bàbá Gàníyù, ní Ìkàrẹ́. Ọdún mẹ́ta ni Tíṣà fi ń pè wọ́n, wọn ò wá. Wọ́n ní ẹ̀rọ yẹn ò ṣeé tún ṣe mọ́. Nígbà tí omi gbóná lánàá, Tíṣà bọ́ sí títì, ó ń pariwo orúkọ mi. Òjòwú ò lẹ́ran láyà, sà."

Abọ́dẹrìn wa mọ́tò lọ sí Ìkàrẹ́. Gàníyù jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń jẹ orógbó.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ dé ilé Tíṣà Eunice gbẹ̀yìn?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Kí ni mo fẹ́ wá níbẹ̀? Ṣebí Akínlọ́lá ni wọ́n ń yìn?"

"Wọ́n ní ó mọṣẹ́ jù yín lọ."

Gàníyù tu orógbó dànù. "Ta ló mọṣẹ́? Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà! Ẹni tó ń da omi ògì sínú hítà lẹ̀ ń pè ní pọ́ḿbà? Àbí ẹ̀kọ ló fẹ́ sè níbẹ̀?"

"Ẹ dìde, bàbá."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ṣáà dìde."

Abọ́dẹrìn ṣí aṣọ orí bẹ́ǹṣì náà. Fóòmù pupa ló wà lábẹ́ rẹ̀, igun kan sì ti ya lọ. Ó yọ èyí tó wà lápò rẹ̀, ó fi kan ibẹ̀. Wọ́n ṣe rẹ́gí.

"A ò tíì sọ̀rọ̀ ògì fún ẹnikẹ́ni," ni ó wí. "Tíṣà ò tíì lajú, Akínlọ́lá sì wà ní àhámọ́ wa. Fínígà ni gbogbo àdúgbò mọ̀. Ẹni tó bá dé abẹ́ páìpù èéfín nìkan ló lè gbóòórùn ògì nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Limota ní Tíṣà lọ sí ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì nírọ̀lẹ́ àná; ìgbà yẹn lẹ wọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Èéfín ò rọ́nà jáde, ó padà sí balùwẹ̀, májèlé inú rẹ̀ ló sì jẹ́ kí Tíṣà dákú."

Gàníyù ń wo fóòmù náà. "Mo rò pé iná rẹ̀ á kàn kú ni. Kí wọ́n lè sọ pé kò mọ̀ ọ́n ṣe. Kì í ṣe pé kí Tíṣà…"

Fóònù Abọ́dẹrìn dún: nọ́ọ̀sì ni. Tíṣà ti lajú, ó sì ti béèrè omi mu. Abọ́dẹrìn ní kí wọ́n tú Akínlọ́lá sílẹ̀ kíá.

Nínú mọ́tò, Gàníyù wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ títí. "Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ jọ̀ọ́. Omi yẹn, ṣé lóòótọ́ ló gbóná?"

"Limota ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó òun lọ́wọ́."

Gàníyù yíjú sí fèrèsé.

"Irọ́ ni," ni ó wí.