Ohùn Tí Dáníẹ̀lì Gbọ́ Kẹ́yìn

"Tún un kà. Jẹ́ kí ohùn rẹ rọ̀ díẹ̀. Má sọ̀rọ̀ bíi tíṣà," Múrítàlá wí.

Zulaikha wo bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ìlà mẹ́ta péré. Ó gbé fóònù sún mọ́ ẹnu, ó sì kà á bí ọmọbìnrin tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́: Sophie ni orúkọ òun, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lòun, Ìlú Ọba lòun ń gbé, inú òun sì dùn pé àwọn jọ mọra lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Múrítàlá pàtẹ́wọ́. "Àbúrò mi nìyẹn! Ìwọ gan-an ló yẹ kó máa ka ìròyìn lórí rédíò."

Yàrá Múrítàlá ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n wà. Ìrọ̀lẹ́ ni. Ariwo ọ̀kadà àti ti àwọn tó ń já àpò àlùbọ́sà sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ń gba ojú wíńdò wọlé. Ìyá Múrítàlá, Àǹtí Ràmọ́tà, ṣì wà ní ìsọ̀ àlùbọ́sà rẹ̀. Kì í wọlé títí wọn yóò fi kírun Mọgaribi.

Láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Zulaikha ti wá ní oṣù kìíní ọdún náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Awọ ni bàbá rẹ̀, Nùrẹ́nì, ń rán. Ó ń ṣe tìmùtìmù àti àpò. Ṣùgbọ́n ojú ti ń dùn ún láti nǹkan bí ọdún méjì, ó sì ti di pé ọwọ́ ló fi ń wá ojú abẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin, Ràmọ́tà, ìyá Múrítàlá, ló ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kí ó lè rí ibi tó dára kẹ́kọ̀ọ́ fún ìdánwò JAMB. Zulaikha fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì, òun ló ń ka ìròyìn níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ láràárọ̀, òun náà ló sì ń gba ẹ̀bùn níbi ìdíje àríyànjiyàn. Gẹ̀ẹ́sì dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí Múrítàlá rí lára rẹ̀ nìyẹn.

"Eré lásán ni," Múrítàlá ti sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Àwọn òyìnbó ń wá ẹni tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀, àwa náà ń bá wọn sọ̀rọ̀. Màá ra fóònù tó dáa fún ẹ. Màá bá ẹ sanwó JAMB. Bàbá yín á rí owó lọ fi ṣe ojú."

"Bùrọ̀dá, àwọn wo ni mo máa máa bá sọ̀rọ̀?"

"Àwọn àgbàlagbà ni. Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?"

Irọ́ ni. Dáníẹ̀lì, tí wọ́n ń fi ohùn Sophie ránṣẹ́ sí yìí, fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí náà ní ọjọ́ kẹta. Ó ní kí Sophie má bínú, òun purọ́ ọjọ́ orí òun ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lòun. Ó ní òun fẹ́ràn kí òun máa ya àwòrán ọkọ̀ ojú omi, àwọn ọmọ kíláàsì òun sì máa ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní màmá òun ló ń wa ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù, kì í tètè wálé. Ó béèrè lọ́wọ́ Sophie bóyá ó ti jẹun.

Zulaikha sáré tọ Múrítàlá lọ. "Bùrọ̀dá, ọmọdé ni o! Anas àbúrò mi jù ú lọ."

"Ṣé ìwọ lo bí i ni? Àwọn ọmọ yẹn kò mọ ìyà. Ka ohun tí mo kọ fún ẹ, jọ̀ọ́."

Ó yẹ kí Zulaikha di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ó wọ ọkọ̀ Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n fóònù tuntun ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti sanwó JAMB. Ẹni tó bá ti jẹ dòdò, kò lè sọ òdodo mọ́. Ó jókòó, ó sì ń kà á lọ, fún Dáníẹ̀lì àti fún àwọn ọmọkùnrin mìíràn tí Múrítàlá ń tàn ní ilẹ̀ òkèèrè.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Múrítàlá tan Dáníẹ̀lì títí ó fi ya fọ́tò ara rẹ̀ kan tí kò yẹ kí ọmọ kankan fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Zulaikha kò wò ó. Ó kọjú sí ògiri, ó sì rò pé ìyẹn ti tó láti mú òun kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Sophie di ẹlòmíràn. Múrítàlá kọ ọ́ síwájú Zulaikha pé bí Dáníẹ̀lì kò bá fi owó ránṣẹ́, gbogbo ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ni yóò rí fọ́tò náà. Ọmọ náà fi gbogbo ohun tó ní ránṣẹ́. Múrítàlá ní kò tó. Dáníẹ̀lì gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́, ó ń sunkún. "Sophie, jọ̀ọ́. Sophie, kò sí mọ́. Jọ̀ọ́."

Múrítàlá na ìka sí bébà. Zulaikha gbé fóònù sún mọ́ ẹnu láti gba ohùn sílẹ̀ fún un, ó sì kà á, ohùn rẹ̀ le bí òkúta: "Àkókò rẹ máa pé lọ́la. Ẹkún rẹ kò kàn mí."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Múrítàlá jáde lọ ra oúnjẹ, ó sì fi fóònù náà sílẹ̀ sọ́dọ̀ Zulaikha. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé. Dáníẹ̀lì kọ ọ́ pé: "Bó bá jẹ́ pé ènìyàn ni ẹ́ lóòótọ́, sọ ohun tí mo lè ṣe fún mi."

Zulaikha gbé fóònù náà. Ó tẹ̀ ẹ́ pé: "Sọ fún màmá rẹ. Sọ fún un báyìí. Má fi owó ránṣẹ́ mọ́." Ó wò ó. Ohun tó kù kò ju kí ó tẹ ibi kan ṣoṣo lọ. Ó wá gbọ́ ìró bàtà lórí àtẹ̀gùn. Ó rántí bàbá rẹ̀, ó rántí ìdánwò tó kù bí oṣù méjì, ó rò pé bí òun bá já Múrítàlá kulẹ̀, wọn yóò lé òun padà sílé. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó dojú fóònù dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Dáníẹ̀lì kò kọ nǹkan kan mọ́.

"Ó ti bílọ́ọ̀kì wa," Múrítàlá sọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. "Ẹ jẹ́ ká wá ẹlòmíràn."

Zulaikha ní orí ń fọ́ òun, òun kò lè ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ fún Àǹtí Ràmọ́tà, kò sọ fún bàbá rẹ̀, kò sọ fún ẹnì kankan. Ó ṣe JAMB, ó yege, ó sì padà sí Ọ̀yọ́ láti máa retí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Bàbá rẹ̀ ń fi í yangàn ní mọ́sáláṣí.

Oṣù kẹjọ ni àwọn ọlọ́pàá dé. Àárọ̀ Sátidé ni. Nùrẹ́nì jókòó sí iwájú ilé, ó ń fi àtàǹpàkò wá ojú rírán lára tìmùtìmù kan, nígbà tó gbọ́ pé ọkọ̀ méjì dúró. Obìnrin kan kí i: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá." Ó rí i bí ẹni ń rí òjìji pé òyìnbó méjì wà pẹ̀lú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Òyìnbó kúkú fẹ́ràn èyí. Zulaikha! Gbé àga wá fún àwọn oníbàárà wa."

"Bàbá, ẹ má bínú. A kò wá rajà," obìnrin náà wí. "Ọlọ́runfúnmi ni orúkọ mi. Ọlọ́pàá ni mí, ẹ̀ka tó ń gbógun ti àwọn tó ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì pa ọmọdé lára ni mo wà. Ọlọ́pàá láti Ìlú Ọba ni àwọn wọ̀nyí. Zulaikha la bá wá."

Zulaikha ti yọ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àga lọ́wọ́. Ó gbé e sílẹ̀.

"Ẹ ṣì í mú ni," Nùrẹ́nì wí. "Ọmọ tèmi? Ọmọ tó ń lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì?"

Ọlọ́runfúnmi mú fóònù jáde, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ohùn kan jáde níbẹ̀. Nùrẹ́nì gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ ti ń kú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò kú.

"Ohùn ọmọ mi nìyẹn," ó wí. "Kí ló ń sọ? N kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

Ọlọ́runfúnmi pa fóònù náà. Lẹ́yìn náà ni ó rọra túmọ̀ rẹ̀ fún un: "Ó ní, 'Àkókò rẹ máa pé lọ́la. Ẹkún rẹ kò kàn mí.' Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ń bá wí, Bàbá. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló dé láti ibi iṣẹ́ tó bá òkú rẹ̀."

Tìmùtìmù bọ́ lọ́wọ́ Nùrẹ́nì.

Ọlọ́runfúnmi sọ bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀. Ìyá Dáníẹ̀lì gbé fóònù ọmọ rẹ̀ fún ọlọ́pàá ìlú wọn. Ọmọkùnrin kan ní Kánádà àti òmíràn ní Ọsirélíà náà ti mú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wá. Ohùn kan náà ni. Ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè mẹ́ta kó ohun tí wọ́n rí pọ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ará iṣẹ́ wọn ní Nàìjíríà, ipasẹ̀ náà sì já sí yàrá kan ní Sábó. Wọ́n ti mú Múrítàlá lánàá.

"Mo fẹ́ sọ fún un!" Zulaikha ké. "Ẹ gbà mí gbọ́, Mà. Mo kọ ọ́ fún un pé kó sọ fún màmá rẹ̀."

"A rí gbogbo ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i. A kò rí ìyẹn."

"Mo pa á rẹ́ ni."

"Nígbà náà, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀," Ọlọ́runfúnmi wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ìbàdàn ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ilé ẹjọ́ fi Múrítàlá sẹ́wọ̀n ọ̀pọ̀ ọdún. Zulaikha kò tíì pé ọdún méjìdínlógún nígbà tó ṣẹ̀, nítorí náà ilé tí wọ́n ń ti àwọn ọ̀dọ́ tó rúfin mọ́ ni wọ́n dá a sí, ọdún mẹ́ta. Kí adájọ́ tó dájọ́, wọ́n gbé ìyá Dáníẹ̀lì wá lórí ojú kọ̀ǹpútà láti Ìlú Ọba. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni. Zulaikha ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tí yóò kà fún un. Ó dìde, ó la ẹnu.

Obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè. "Jọ̀ọ́, má sọ nǹkan kan," ó wí. "Mo ti gbọ́ ohùn rẹ nínú fóònù ọmọ mi. N kò lè gbọ́ ọ mọ́."

Zulaikha ká bébà náà, ó sì jókòó.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ wá wò ó. Anas ló fà á lọ́wọ́ wá. Ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá. Òun àti Ràmọ́tà kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n ní ọmọ àbúrò òun ni ó kó bá ọmọ òun, àbúrò ní ilé ẹ̀gbọ́n òun ni wọ́n ti ba ọmọ òun jẹ́.

"Lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan, mo máa ń ṣe àdúrà fún ìyá ọmọ yẹn," ó wí. "Tìrẹ ni n kò tíì mọ bí mo ṣe máa ṣe é."

Anas fà á dìde.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, iṣẹ́ ibi kò ní kékeré. Ẹni tó bá yá ìkà ní ohùn rẹ̀, òun náà ti di ìkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ló kọ ọ̀rọ̀ tó kà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi fọ́tò rẹ halẹ̀ mọ́ ọ, má san nǹkan kan, má sì dá a gbé. Sọ fún òbí tàbí olùkọ́ rẹ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìtìjú máa ń lọ. Ọmọ tó bá kú kì í padà wá.