Bọ́ọ̀lù Òfìfo Ládiípọ̀

Lọ́jọ́ tí Hùmúàní kọ́kọ́ fura, ó ń gbé Mubarakah, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta, jáde nínú omi ìwẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ sáré lọ sókè, bí ìgbà tí èèyàn gbé garawa tó rò pé ó kún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà rí rọ̀bọ̀tọ̀ bíi ti àná, ṣùgbọ́n kò wúwo ju aṣọ ìnura lọ.

Ó ti rẹ Hùmúàní. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sílé wọn ní Ongar, ní ìlú Dublin, ó sì rò pé àárẹ̀ ló ń tan òun jẹ.

"Bàbá Mubarakah, ẹ gbé ọmọ yìí wò."

Ládiípọ̀ rẹ́rìn-ín. "Àbí ìwọ náà ti di alágbára? Wá gba iṣẹ́ mi ṣe."

Iṣẹ́ alágbára ló ń ṣe lọ́sàn-án Sọ́ńdè ní hòtẹ́ẹ̀lì kan nígboro Dublin, níbi tí wọ́n ti ń ṣe eré orí ìtàgé bíi ti ayé àtijọ́. Bọ́ọ̀lù dúdú ńlá kan ló ń gbé. Irin ni òǹwòran pè é. Pákó ni, inú rẹ̀ sì ṣófo. Ohun tí wọ́n ń sanwó fún ni pé kó máa mí hẹlẹ, kí orúnkún rẹ̀ máa gbọ̀n.

Ó gbé ọmọ náà. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Mammy, I'm grand," ni Mubarakah wí, pé kò sí ohun tó ṣe òun.

"Kí lẹ ṣe?" Hùmúàní béèrè jẹ́ẹ́jẹ́.

"Wọ́n ní kí n máa ro ohun tó wúwo lọ́kàn mi jù, kí eré náà lè jọ òótọ́. Ni mo bá ń ki bọ́ọ̀lù náà kí n tó gbé e."

"Oríkì ta lẹ ń kì í?"

Ó wolẹ̀. "Àníkẹ́."

Oríkì ọmọ wọn ni.

"Ẹ pe orí ọmọ mi mọ́ igi!"

"Ìyá Mubarakah, ó ti ṣe díẹ̀ tí mi ò díbọ́n mọ́. Ó ń wúwo lóòótọ́."

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀ ojú irin ní Clonsilla lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì náà. Hùmúàní di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú pinpin, nítorí afẹ́fẹ́ ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Nígbà tí eré parí, ó yọ́ lọ sẹ́yìn ìtàgé. Bọ́ọ̀lù náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ọrùn ọmọ tó ń sùn. Hùmúàní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ládiípọ̀ gbé bọ́ọ̀lù náà lé e lẹ́yìn, ó bá a di ọ̀já mọ́ ọn.

Bí ọkọ̀ ṣe ń gbé wọn bọ̀ wálé, bọ́ọ̀lù náà ń wúwo sí i, bí ọmọ ṣe ń wúwo nígbà tí oorun bá gbé e lọ. Ó ń mí.

"Àníkẹ́, a ti délé," ni Hùmúàní wí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kí ìwúwo náà padà sára ọmọ rẹ̀.

Mubarakah, tó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, gbójú sókè. "Mammy, is she coming in with us?"

Kí Hùmúàní tó dáhùn, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́kún. Ó mọ ẹkún náà. Òun ló ń jí i lójú oorun láti ọjọ́ tó ti bímọ. Ó wá wo ọmọ kékeré tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń rẹ́rìn-ín sí i, kò sì mọ ẹni tí í ṣe mọ́.