Nọ́ńbà Méjìlélógójì

Mo kìlọ̀ fún ọ, ìwọ tí o fẹ́ kà á. Bí o bá ń wá obìnrin rere, má wá a síbí. Ìtàn ìfẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo jẹ̀bi nínú rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Mi ò kàwé púpọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni màá sọ.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún rédíò ṣe, ó ti orí bọ inú tẹlifíṣọ̀n kan. Mo kí i. Láti inú ibẹ̀ ló ti dá mi lóhùn.

“Ẹ káàsán o. Ẹ gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Èyí tó wà níwájú yín yẹn máa ń gbáni létí.”

Ẹ̀rọ síídì ni mo gbé wá. Àjákù kọ́tìnnì ni mo fi wé e, torí aránṣọ ni mí, kọ́tìnnì ọ́fíìsì àti ti ilé-ìwòsàn ni mo sì ń rán jù. Ó tú ìdí ẹ̀rọ náà, ó wo inú rẹ̀, ó mirí.

“Màmá, ìgbà wo lẹ lo èyí kẹ́yìn?”

“A ò lò ó rí.”

“Ẹ ò lò ó rí, ó sì bàjẹ́?”

“Ó ti pẹ́ nílé ni.”

“Aáyán ti bá yín lò ó. Ẹ wò wọ́n, bàbá, ìyá, àti ọmọ. Ṣé wọ́n tilẹ̀ ń san owó ilé?”

Mo rẹ́rìn-ín. Kíá ni mo fọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó jalè, torí ó ti tó ọdún méjì tí mo ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. Ọdún méjì náà ni ọkọ mi ti kú.

Nígbà tó gbé ẹ̀rọ náà wá sílé láti so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó rí páálí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó kún fún síídì fíìmù, náílọ́ọ̀nù ṣì wà lára gbogbo wọn.

“Ṣé ẹ ń tà á ni?”

Mi ò mọ ohun tó mú mi sọ ọ́ fún un. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní sítọ́ọ̀ ilé-ìwòsàn. Bí oṣù bá ti parí, á ra síídì kan bọ̀. “Ìyá ilé, wá jókòó, ká wo eléyìí.” Èmi á ní iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ mi, kí ó dá a wò. Kì í dá a wò. Á mú gègé, á kọ nọ́ńbà sára náílọ́ọ̀nù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń kọ ọ́ sára ẹrù ní sítọ́ọ̀, á tò ó sínú páálí. “Ó di ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀.” Ọwọ́ mi kò dilẹ̀. Ó sùn lọ́jọ́ kan, kò jí.

Ọkùnrin náà kò sọ pé ó ṣe, kò sọ pé Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ó wá nọ́ńbà kìíní nínú páálí, ó fi èékánná ya náílọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ní, “Ẹ jókòó, ká dán an wò bóyá ẹ̀rọ yín ń ṣiṣẹ́.”

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ọ̀sán Sátidé, a ó wo ọ̀kan. Ìyàwó tirẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́, kò sẹ́ni tó ń dúró dè é. Ó ń pè mí ní Abẹ́rẹ́, èmi ń pè é ní Ọ̀gá. Nígbà tí a wo èyí tí bàbá arúgbó kan ti ta ẹṣin rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo na aṣọ tó wà lórí itan mi sí i.

“Kọ́tìnnì ilé-ìwòsàn ni o, Ọ̀gá. Ẹ má fi fun imú.”

“Aláìsàn ni èmi náà,” ó ní. Ó sì fi fun imú.

Lọ́jọ́ tí a wo ìkẹwàá, ó di ọwọ́ mi mú. “Abẹ́rẹ́ mi, Sátidé kò tó mi mọ́. Mo fẹ́ fẹ́ ọ.”

Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, n ò ní purọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, “Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò ní gbà.” Mi ò tíì bi ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní nǹkan kan.

“Bó bá gbà ńkọ́?”

“Ẹ jẹ́ kí n wo síídì olóògbé tán ná. Ó yẹ kí n ṣe é fún un. Ọjọ́ tí a bá wo èyí tó kẹ́yìn, màá dá yín lóhùn.”

“Mélòó ló kù?”

“Mi ò kà á.”

Mo ti kà á. Ìgbà mẹ́ta ni mo kà á. Mọ́kànlélógójì ni gbogbo rẹ̀.

Nígbà tó ku mẹ́ta, oorun dá lójú mi. Mo ń rò ó pé, ọkọ tó pè mí kí n wá jókòó ti òun, mi ò jókòó tì í. Ta ló sọ pé mi ò ní fìyà kan náà jẹ ẹlòmíràn? Bí mo bá sì ní rárá, Sátidé mi parí. Ni mo bá lọ sọ́jà, mo ra síídì mẹ́sàn-án. Mo mú gègé, mo kọ nọ́ńbà sí wọn, méjìlélógójì títí dé àádọ́ta. Mo kọ ọ́ bí ọkọ mi ti ń kọ ọ́. Mo kó wọn sínú páálí.

Lọ́jọ́ tí a wo mọ́kànlélógójì, ti ọkọ mi tán. Èmi nìkan ló mọ̀. Mo tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe.

Nọ́ńbà mẹ́rìnlélógójì ló tú mi fó. Ọ̀gá mú un, ó fẹ́ ya náílọ́ọ̀nù rẹ̀, ó wo àtàǹpàkò rẹ̀. Yíǹkì gègé ti kó sí i.

“Abẹ́rẹ́, ìgbà wo ni ọkọ rẹ kú?”

“Ó ń lọ sí ọdún mẹ́ta.”

“Gègé ọdún mẹ́ta ṣì ń kó sí èèyàn lọ́wọ́?”

“Ooru ni.”

“Ṣé òun ló ra èyí? Sọ òtítọ́ fún mi. Mi ò ní bínú.”

Ó ṣílẹ̀kùn òtítọ́ fún mi, mi ò wọlé. Mo ní, “Òun ló rà á. Mo fi ibojì rẹ̀ búra.”

Ó wo fíìmù náà dé òpin. Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀. “Ó dàbọ̀ o, Màmá.”

Màmá. Bó ṣe ń pe gbogbo oníbàárà nìyẹn.

Sátidé mẹ́ta kọjá, kò wá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló wá. Ojúlé kẹrin sí tèmi ló ń gbé, àgbà obìnrin ni, ẹnu rẹ̀ mú.

“Ọkùnrin tí ń tún rédíò ṣe yẹn dà? Mi ò gbúròó ẹ̀rín yín mọ́.”

“Ẹ máa ń gbọ́ ọ ni, ẹ̀gbọ́n mi?”

“Ṣé mo dití ni?”

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ní kò ní gbà, ó pariwo.

“Èmi! Èmi lo fi ṣe ògiri, tí o sá pamọ́ sí? Ìgbà wo lo bi mí tí mo kọ̀?”

“Ẹ̀rù ló bà mí, mà.”

“Ẹ̀rù bà ọ́, o wá gbé ibojì àbúrò mi lé e lórí?” “Ìyẹn dùn mí o. Fẹ́ ẹni tó bá wù ọ́, mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n má fi òkú mi purọ́ mọ́ láé. Dìde, lọ sọ fún ọkùnrin yẹn.”

Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi òjé lẹ wáyà. Oníbàárà méjì jókòó síbẹ̀. Mi ò dúró kí wọ́n lọ, torí bí mo bá dúró, màá sá.

“Ọ̀gá, láti orí méjìlélógójì, èmi ni mo rà wọ́n. Èmi ni mo kọ nọ́ńbà sí wọn. Ìbúra irọ́ ni mo ṣe. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò kọ̀ rí, mi ò bi í ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé màá ṣe yín bí mo ti ṣe ẹni àkọ́kọ́.”

Oníbàárà kan ní, “Yéè.” Èkejì fi ìgúnpá gún un.

“Ìdáhùn tí o ṣèlérí ńkọ́?” Ọ̀gá ní. Kò gbójú sókè.

“Mo fẹ́ yín. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mo fẹ́ yín bẹ́ẹ̀ náà.”

Ó fi òjé lẹ wáyà mìíràn. “Sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ pé mò ń bọ̀ wá rí wọn lọ́jọ́ Sátidé. Màá mú ẹ̀gbọ́n tèmi dání.”

Mo bú sẹ́kún. Ó yẹ kí n dúpẹ́, kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n mo tún béèrè.

“Ṣé ẹ ti dárí jì mí?”

Ó wò mí nígbà yẹn. Ojú rẹ̀ pọ́n.

“Mo ní mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Má bi mí ní nǹkan mìíràn.”

Ó tẹrí mọ́ wáyà rẹ̀, ó tún gbé òjé.